UV pa E. coli, Deinococcus ń wò ó níran: ta ló ń bá a tún DNA rẹ̀ ṣe?

Ọmọ Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdánwò kan dojú rú mọ́ ikọ̀ wa lọ́wọ́ ní Ifẹ̀ níbí, mo ní kí n gbé e wá síwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Bakitéríà méjì ló wà ńbẹ̀: E. coli àti Deinococcus radiodurans. Iná UV (ìtànṣán tí ojú kò lè rí) wátì 15 tó ń tàn ní 254 nm (nm ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) la gbé wọn sí abẹ́ rẹ̀. Ìwé ní E. coli á kú, Deinococcus á yè. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn méjèèjì ló yè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Lọ́jọ́ kejì, a ṣí ìdérí àwo. E. coli tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kú tán. Èyí tí ẹnì kan gbé sójú fèrèsé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ hù padà. Kí ló fà á? Àti pé, ṣé àwọ̀ pupa Deinococcus yẹn ni agboòrùn rẹ̀, tí UV kò fi lè dé ibi DNA rẹ̀?

Àgbà Máíkírò

Ká ti ìbéèrè ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. UV ń wọlé. DNA Deinococcus ń bàjẹ́ bí ti E. coli ṣe ń bàjẹ́. Tí ẹ bá yọ DNA rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ tí iná kúrò lórí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbàjẹ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ dá a padà sínú oúnjẹ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ tún yọ ọ́: wọ́n ti lọ. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn. Àwọn Deinococcus tó ti pàdánù àwọ̀ pupa, tí wọ́n di funfun, ṣì ń fara da UV tó ju èyí tó ń pa E. coli lọ dáadáa. Agbára wọn kàn dín díẹ̀ ni.

Ìbàjẹ́ wo ni mò ń wí? Nínú lẹ́tà mẹ́rin DNA, T àti C ni 254 nm máa ń kọ lù jù. Bí T méjì bá jókòó ti ara wọn lórí okùn kan náà, ìtànṣán yẹn á mú kí wọ́n di ara wọn mú níbi méjì, wọ́n á ta kókó. Oríṣi kókó kejì wà tí à ń pè ní 6-4, torí ipò kẹfà lẹ́tà kan ló so mọ́ ipò kẹrin èkejì. Ti àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ti kejì ló ń wọ́ okùn jù. Bí ẹ́ńsáímù tó ń ṣe ẹ̀dà DNA bá pàdé kókó, á dúró gbọn-in. Bí kò bá sí ẹni tó tú u, sẹ́ẹ̀lì yẹn kò ní lè pín sí méjì. Ohun tí à ń pè ní "kú" lórí àwo kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò hù.

Òṣómàáló Iléṣà

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ọjọ́ kìíní. Ìdérí ni. Àwo Petri oníke kì í jẹ́ kí 254 nm kọjá, gíláàsì lásán náà kì í jẹ́. Gíláàsì quartz ló ń jẹ́ kó kọjá. Abẹ́ òrùlé ni bakitéríà yín wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé iná tàn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, inú kí ni wọ́n wà? Bó bá jẹ́ inú omi-oúnjẹ TGY, ẹ ti tún ṣòfò. Tryptone àti yeast extract máa ń mu UV kó tó dé ara sẹ́ẹ̀lì. Bó ṣe yẹ kó rí rèé:

Fún TGY lítà kan: tryptone gíráàmù 5, yeast extract gíráàmù 3, glucose gíráàmù 1. Tó bá jẹ́ ti àwo, ẹ fi agar gíráàmù 15 kún un. Ẹ sè é ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ gbin Deinococcus ní 30°C, kó máa mì. Kì í yára bí E. coli o, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ló fi ń di ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ má retí rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ bí ẹ bá gbìn ín lọ́sàn-án. Tí OD rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ki tó) ní 600 nm bá tó bíi 0.5, ẹ yí i nínú sẹ́ńtífúùjì, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fi omi iyọ̀ 0.85% ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Omi iyọ̀ kan náà ni kí ẹ fi là á títí á fi dé bíi sẹ́ẹ̀lì 10⁷ nínú mìlílítà kan. Bó bá ṣì rú bí omi ẹ̀kọ tí wọ́n pò, ó ti ki jù: àwọn tó wà lókè á ṣíji bo àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Mìlílítà 5 nínú àwo sẹ̀ǹtímítà 9 kò jìn tó mìlímítà kan. Ìyẹn ló dáa. Ẹ máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà lórí rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ìṣíjibò yìí. Àwọn ará Jàpáànì kó Deinococcus gbígbẹ sí ìta ibùdó òfurufú ISS fún ọdún mẹ́ta, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ní èyí tó nípọn tó ìdajì mìlímítà, àwọn tó wà lókè kú, òkú wọn ló wá ṣe òrùlé fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn yẹn sì yè.

Àgbà Máíkírò

Òṣómàáló ti tún àwo ṣe. Ẹ jẹ́ ká wọnú sẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀nà méjì ni Deinococcus ní láti gé kókó kúrò lára DNA.

Ti àkọ́kọ́, E. coli náà ní in. Pọ́rótíìnì UvrA àti UvrB jọ ń rìn lórí DNA, wọ́n ń wá ibi tí okùn ti wọ́. UvrA ló ń kọ́kọ́ fura, UvrB ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bó bá ti dájú, UvrA á lọ, UvrB á lóṣòó ti kókó yẹn bí orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lókè yìí: kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá san án. UvrC ni yóò wá bá a. UvrC á kọ́kọ́ gé apá 3′ (3′ àti 5′ ni orúkọ ìdí méjèèjì okùn DNA), ní ìsopọ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún sí kókó, lẹ́yìn náà á gé apá 5′, ní ìsopọ̀ kẹjọ. Ègé tó bọ́ sáàárín jẹ́ lẹ́tà 12 tàbí 13. UvrD á fa ègé yìí yọ, DNA polymerase I á máa wo okùn kejì tí kò bàjẹ́, á fi kọ tuntun sí ojú àlàfo, ligase á lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Nígbà yìí ni òṣómàáló tó lóṣòó tó dìde.

Ọ̀nà kejì ni E. coli kò ní. UvsE lorúkọ ẹ́ńsáímù yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ló ń gé, ìyẹn ibi tó kan kókó gbàgà ní apá 5′. Àwọn ẹ́ńsáímù mìíràn ló ń bá a parí iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí àti dídí àlàfo. Manganese ló ń fi ṣiṣẹ́, Deinococcus sì ń kó o jọ gan-an: ìwọ̀n manganese sí irin nínú rẹ̀ jẹ́ bíi 0.24, ti E. coli kò tó 0.01.

Báwo la ṣe mọ̀ pé méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́? Àwọn olùwádìí Moseley àti Evans ti ń ba jíìnì wọn jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti àwọn ọdún 1980. Ba uvrA (jíìnì tó ń ṣe UvrA) nìkan jẹ́, UV kò rí i gbé ṣe. Ba uvsE nìkan jẹ́, bákan náà ni. Ba méjèèjì jẹ́ pọ̀, Deinococcus di ẹran ìjẹ. Ẹ̀rí kan tún wà tí mo fẹ́ràn: èyí tí kò ní uvrA máa ń kú sínú oògùn mitomycin C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé UV ò ràn án. Mitomycin máa ń so okùn méjèèjì DNA mọ́ ara wọn, UvsE kò sì lè bá irú kókó bẹ́ẹ̀ jà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èwo ló bàjẹ́ nínú ẹ̀yà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi UV àti mitomycin dán an wò ní àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lára àwọn ègé tí wọ́n gé yìí máa ń jáde sínú omi tó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Deinococcus kì í fi ìdọ̀tí síyàrá.

Ọmọ Lágere

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tí kókó bá pọ̀ jù ńkọ́, tí UvrA àti UvsE ò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn tí ẹ̀dà DNA fi bẹ̀rẹ̀?

Àgbà Máíkírò

Ibẹ̀ ni pọ́rótíìnì RecA ti ń wọlé. Ẹ̀rọ aṣẹ̀dà á fo kókó, á fi àlàfo sílẹ̀. Tàbí kí kókó méjì wà ní ìdojúkọ ara wọn lórí okùn méjèèjì, kí wọ́n gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí DNA wá já sí méjì. Nínú sẹ́ẹ̀lì Deinococcus kan, ẹ̀dà odindi DNA mẹ́rin sí mẹ́wàá ló máa ń wà. RecF, RecO àti RecR á gbé RecA sórí okùn tó ṣẹ́kù, RecA á wá ibi tó bá a mu lórí ẹ̀dà mìíràn, wọ́n á da ibi tó sọnù kọ láti ara rẹ̀. RecBCD tí E. coli fi ń ṣe irú èyí, Deinococcus kò ní in rárá. Èyí tí recA rẹ̀ bá bàjẹ́, UV pàápàá ń pa á wẹ́rẹ́.

Èèyàn lè rò pé ẹ̀dà púpọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Rárá o. E. coli tó bá ń jẹun dáadáa náà máa ń ní ju ẹ̀dà kan lọ, kò sì là.

Sẹ́gi Ẹ̀nuwà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn ti fèrèsé, ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló jí E. coli yẹn. E. coli ní ẹ́ńsáímù photolyase. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ kókó T-T nínú òkùnkùn, á dúró. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín 350 sí 450 nm bá kàn án, á fi agbára ìmọ́lẹ̀ yẹn já ìsopọ̀ méjèèjì, kókó á tú, T méjèèjì á padà sí ipò wọn. Kò gé nǹkan kan, kò kọ nǹkan kan. Albert Kelner ló rí irú ìjídìde bẹ́ẹ̀ ní 1949, lára Streptomyces.

Ohun tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé Deinococcus radiodurans, akọni inú wọn, kò ní photolyase. Òkùnkùn ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì sójú fèrèsé, E. coli nìkan lẹ ràn lọ́wọ́, àfiwé yín ti bàjẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀: láti ìgbà tí UV bá ti tàn títí àwo á fi wọ inú ẹ̀rọ ìgbóná, iná pupa tàbí iná yẹ́lò nìkan ni kó wà nínú yàrá. Ẹ fi fọ́ìlì wé àwo lẹ́yìn tí ẹ bá dà á tán. E. coli, 37°C fún wákàtí 24. Deinococcus, 30°C fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má ka ti Deinococcus lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ṣì ń tún ara wọn ṣe máa ń pẹ́ yọjú.

Adé Mọ́dákẹ́kẹ́

Ẹ dákun, mo kà á pé DNA Deinococcus ká jọ bí òrùka, pé ìyẹn gan-an ni àṣírí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé a lè fi UV ṣẹ̀dá ẹ̀yà tí rifampicin (oògùn tó ń pa bakitéríà) kò ràn, bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú E. coli?

Àgbà Máíkírò

Òrùka yẹn, ọ̀rọ̀ 2003 ni, ó sì lè jẹ́ pé ó ń dá àwọn ègé DNA dúró kí wọ́n má fọ́n ká. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí uvrA àti uvsE rẹ̀ bàjẹ́ pọ̀. A kò fọwọ́ kan òrùka rẹ̀, síbẹ̀ UV ń pa á. Ẹni tó bá fi òrùka ṣàlàyé UV gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ti rifampicin, ẹ má fi owó agar ṣòfò. E. coli ní àwọn polymerase aláìbìkítà, UmuC àti UmuD, tó ń kọ lẹ́tà tó bá wù wọ́n sí iwájú kókó kí ẹ̀dà lè tẹ̀ síwájú. Àṣìkọ yẹn ló ń di àyípadà tí ẹ ń wá. Deinococcus kò ní wọn. Ó ń gé, ó ń dà á kọ láti ara ẹ̀dà tó péye, tàbí ó kú. UV kì í fi kún iye àyípadà nínú rẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìlóde

Ẹnì kan ti bù yẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà nígbà ọyẹ́, ó tan UV sí i, ó rí kọ́lọ́nì aláwọ̀ osùn, ó ti kọ "Deinococcus" sára àwo. Ṣé ó tọ̀nà?

Sẹ́gi Ẹ̀nuwà

Kó má tíì kọ ọ́. Ìrònú rẹ̀ kò burú, torí ọ̀dá ló jọ pé ó kọ́ Deinococcus ní ìwà yìí: ní 1996, Mattimore àti Battista fi hàn pé àwọn ẹ̀yà tí ìtànṣán ń tètè pa ni gbígbẹ náà ń tètè pa. Inú ẹran inú agolo tí wọ́n ti fi ìtànṣán gamma pa kòkòrò rẹ̀ ni Arthur Anderson ti kọ́kọ́ rí i ní Oregon, Amẹ́ríkà, ní 1956; kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní gamma nínú ayé.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà ń yè. Rhodotorula, tó jẹ́ yíìsì, ní àwọ̀ osùn bẹ́ẹ̀. Methylobacterium náà ń rí bẹ́ẹ̀. Bacillus kò pupa, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ máa ń kún àwo: pọ́rótíìnì kéékèèké ló fi wé DNA rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà kókó tó ń ta yàtọ̀, ó sì ní ẹ́ńsáímù tirẹ̀ tó ń tú u bó bá ń hù.

Kó ṣe àwọ̀ Gram (aró tí à ń fi ya bakitéríà sọ́tọ̀) kó wò ó ní ×100 pẹ̀lú òróró. Deinococcus radiodurans á jẹ́ róbótó, mẹ́rin-mẹ́rin tó so pọ̀, Gram rẹ̀ á máa jẹ́ pọ́pù. Yíìsì tóbi jù ú lọ, á sì máa rúwé láti ara. Ti Methylobacterium gùn bí ọ̀pá, Gram rẹ̀ pupa. Ẹ̀yìn èyí ló kan 16S, ìyẹn kíka jíìnì tí à ń fi dá bakitéríà mọ̀.

Adé Mọ́dákẹ́kẹ́

Ìbéèrè kan tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀: ṣé àìní irú àwọn ẹ́ńsáímù yìí ló ń jẹ́ kí oòrùn máa bá àwọn àfín jà?

Àgbà Máíkírò

Rárá. Ẹ̀rọ àtúnṣe àfín pé bíi ti gbogbo wa. Agboòrùn, ìyẹn àwọ̀ dúdú ara, ni kò sí. Àwọn tí ẹ̀rọ gígé kókó fúnra rẹ̀ bàjẹ́ lára wọn ni wọ́n ní àìsàn xeroderma pigmentosum. Èèyàn náà kò ní photolyase, gígé nìkan la ní, ègé tiwa sì gùn tó bíi lẹ́tà 30. Oòrùn Ifẹ̀ kì í ṣe 254 nm náà o: afẹ́fẹ́ òkè ti gba ìyẹn, UVB àti UVA ló ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ Lágere

A óò tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mítà wa ka 150 µW/cm² níbi tí àwo máa wà. Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ? A ní lọ́kàn láti lo 0, 200, 400 àti 600 J/m² (agbára UV tó bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan) fún àwọn méjèèjì.

Òṣómàáló Iléṣà

100 µW/cm² ni wátì kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Tiyín jẹ́ wátì 1.5. Ẹ pín J/m² tí ẹ ń wá sí 1.5, ìṣẹ́jú àáyá ló máa fún yín: 600 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 400, ìyẹn ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 40.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà kò lè bá àwọn méjèèjì mu. Ní 200, E. coli ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ ò ní rí bó ṣe ń ṣubú. Ẹ fún un ní 0, 10, 20, 30, 40, 60. Deinococcus kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dín títí dé bíi 500, nítorí náà 600 yín á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ dé 1,000 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. 10 J/m² jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6.7, ọwọ́ kò lè tan iná kó sì pa á tó bẹ́ẹ̀ láìṣi í. Ẹ gbé àwo jìnnà sí iná kí mítà ka 30 µW/cm², kí 10 wá di àáyá 33. Ẹ má fi ìṣirò ṣírò jíjìn yẹn, mítà ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Gílóòbù gígùn kì í tẹ̀lé òfin tí gílóòbù róbótó ń tẹ̀lé.

Ẹ tan iná sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kó tó kan àwo, kí ẹ fi páálí ṣe ìlẹ̀kùn: ṣí i, ka àáyá, tì í. Bí NEPA bá ń mú iná ṣe ségesège tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń fà á sílẹ̀, agbára UV náà ń sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i, torí àwọ̀ búlúù tí ojú ń rí kọ́ ni 254 nm. Ẹ ka mítà ṣáájú àti lẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Eruku ọyẹ́ lára gílóòbù náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ fi ọtí 70% nù ún nígbà tí iná bá ti kú, tó sì ti tutù. Ìbòjú, ìbọ̀wọ́, apá gígùn. Ojú tí UV bá bà jẹ́ kì í dun èèyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, alẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí iyanrìn wọ̀ lójú.

Ti kíkà: 0.1 mL sínú 0.9 mL, ẹ máa là á lọ. Àwo tí kọ́lọ́nì rẹ̀ wà láàárín 30 sí 300 nìkan ni kí ẹ kà. Ká ní ẹ rí 84 lórí àwo 10⁻⁴ tí ẹ da 0.1 mL sí: 84 × 10⁴ × 10, ìyẹn mílíọ̀nù 8.4 nínú mìlílítà kan.

Sẹ́gi Ẹ̀nuwà

Ẹ fi èyí sí i: mẹ́rin-mẹ́rin ni Deinococcus máa ń so pọ̀, kọ́lọ́nì kan sì lè ti ara sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin wá. Mẹ́ta nínú wọn lè kú, kọ́lọ́nì á ṣì hù. Bí ẹ bá ya àwòrán iye tó yè, lára pẹrẹsẹ tí ẹ máa rí níbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀, ibi ìsopọ̀ yìí ló ti wá, kì í ṣe iṣẹ́ àtúnṣe nìkan. Ẹ wò wọ́n lábẹ́ máíkírósíkópù kí ẹ tó tan UV, kí ẹ kọ iye tó so pọ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Lágere

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀. Ṣé fọ́ìlì kó wà lára àwo nígbà tí a bá ń là á náà ni?

Sẹ́gi Ẹ̀nuwà

Lára ìgò ìlàsí pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí iná pupa wà títí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìgbóná á fi tì.